Títí Ìjàpá Yóò Fi Yí Ayé Ká: Èmi àti Màámi ní Erékùṣù Inchcolm

Màámi kò nífẹ̀ẹ́ omi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé Edinburgh wá bá wa wẹ ọmọ ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ rí ibi àtijọ́, ibi tí àwọn òyìnbó ń gbé kí rélùwéè tó dé. Mo ní mo mọ ibì kan, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi la máa wọ̀ débẹ̀. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Àjàní, ṣé ilẹ̀ ti tán nílùú yín ni?"

Oòrùn yọ ní Sátidé kan nínú oṣù kẹfà, ìyàwó mi ní kí á máa lọ kí ilé lè rójú, la bá gbọ̀nà South Queensferry. Màámi wọ ìró àti bùbá, wọ́n gbé kóòtù tó nípọn wọ̀ lé e, wọ́n sì gbé àkàrà sínú ọ̀rá dání. Nítòsí afárá rélùwéè pupa tí wọ́n ṣí ní 1890 la ti wọkọ̀. Nígbà tí rélùwéè gba orí wa kọjá, afárá náà dún bí ìgbà tí wọ́n ń yí àgbá lórí páànù. Màámi di apá kóòtù mi mú, wọn ò sì fi í sílẹ̀ títí ọkọ̀ fi dé èbúté. Lójú ọ̀nà, àwọn ẹran omi kan tí orí wọn dà bíi ti ajá sùn sórí irin kan tó léfòó, wọ́n ń wò wá bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn.

Inchcolm ni wọ́n ń pe erékùṣù náà. Ní èdè Gaelic, "erékùṣù Columba" ni, ìyẹn mọ́ńkì (ẹni tó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìsìn Ọlọ́run) ará Ireland tó tẹ̀dó sí erékùṣù Iona ní 563. Kékeré ni ibẹ̀. Òkè lápá kan, òkè lápá kejì, ilẹ̀ tín-ín-rín láàárín, ilé àwọn mọ́ńkì sì dúró nítòsí ibẹ̀ tòun ti ilé gogoro agogo rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló wó jù. Àwọn yàrá yòókù, ibi ìjẹun, ibi ìsùn, ọ̀ọ̀dẹ̀ tó yí àgbàlá ká, gbogbo wọn ṣì ní ògiri àti àjà òkúta lórí. Nínú gbogbo ilé mọ́ńkì àtijọ́ ní Skọ́tíláǹdì, mi ò rí èyí tó ṣẹ́kù dáadáa tó bẹ́ẹ̀.

Ìtàn bí wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ rèé. Ní 1123, ìjì gbé ọkọ̀ Ọba Alexander Kìíní ti Skọ́tíláǹdì dé etí erékùṣù yìí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbébẹ̀, ọkùnrin olùfọkànsìn kan tó ń dá gbé nítorí Columba. Màlúù kan péré ló ní. Wàrà màlúù yẹn àti ìṣáwùrú tó ń ṣà létí omi ló fi bọ́ ọba àti àwọn èèyàn rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tí ìjì kò fi rọlẹ̀. Ọba jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun á kọ́ ilé Ọlọ́run síbẹ̀. Ó kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò lè mú ẹ̀jẹ́ náà ṣẹ. Àbúrò rẹ̀, Ọba David Kìíní, ló kó àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Augustine wá. Ní 1235, wọ́n gbé ilé náà sókè, ó ní ábọ́ọ̀tì, ìyẹn olórí ilé mọ́ńkì, tirẹ̀.

"Màlúù kan," ni Màámi wí. "Ọba kan pẹ̀lú èrò ẹ̀yìn rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta. Ó gbàlejò o."

Ilé kékeré kan tí wọ́n fi òkúta bò lórí ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ilé ọkùnrin náà. Màámi bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó lè wo inú rẹ̀. Wọ́n ní kò tóbi tó ilé adìẹ àwọn.

Mo ti fi nǹkan kan pa mọ́ fún wọn. Àkọlé kan wà fún ẹnu ọ̀nà ilé yìí, èdè Látìn ni. Mo mú un jáde lórí fóònù, mo sì túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe lè túmọ̀ rẹ̀: "Kí ilé yìí dúró títí èèrà yóò fi mu omi òkun gbẹ, títí ìjàpá yóò fi rin gbogbo ayé ká."

Màámi dákẹ́.

"Ìjàpá wo?"

"Ìjàpá náà ni, mà."

"Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo?"

"Òun náà."

"Ta ló sọ fún wọn?"

Ìbéèrè yẹn ni mi ò lè dáhùn. Skọ́tíláǹdì kò ní ìjàpá nínú igbó. Àmọ́ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń de nǹkan mọ́lẹ̀. Tí àwọn àgbà wa bá fẹ́ kí nǹkan má yẹ̀, ohun tí ojú ò rí rí ni wọ́n máa fi so ó: ọjọ́ tí adìẹ bá hu eyín, ọjọ́ tí odò bá ṣàn pa dà sí orísun. Ọfọ̀ lèyí jọ létí mi. Màámi kò fẹ́ kí n lo ọ̀rọ̀ ọfọ̀ fún ilé Ọlọ́run, àmọ́ nígbà tí wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní ẹni tó gbàdúrà yẹn gbọ́n. "Wọ́n bi ìjàpá pé ìgbà wo ló máa ti àjò dé, ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Ṣé ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa yí ayé ká tán?"

Yàrá ìpàdé wọn ni mo fẹ́ràn jù. Igun mẹ́jọ ló ní, ọ̀rúndún kẹtàlá ni wọ́n kọ́ ọ, òkúta ni àjà rẹ̀, òkúta ni ìjókòó tó yí ògiri ká. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ka òfin ẹgbẹ́ wọn, tí ẹni tó bá ṣẹ̀ sì ti ń jẹ́wọ́ lójú gbogbo ará. Màámi jókòó, wọ́n tún ìró wọn ṣe, wọ́n sì dá orin ìsìn kan. Wọn ò kọ ọ́ sókè rárá. Ṣùgbọ́n òkúta gba ohùn náà, ó dá a pa dà ní ìlọ́po mẹ́ta. Wọ́n dúró láàárín ẹsẹ orin. "Ta ló ń gbè mí?" Kò sẹ́lòmíì níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ tán. Òkè yàrá yìí gan-an ni àwọn mọ́ńkì ti ń yáná. Màámi ní bí oṣù kẹfà bá lè tutù báyìí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òun rí oṣù kìíní ibẹ̀.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwòrán kan kù lára ògiri láti ọ̀rúndún kẹtàlá: àwọn àlùfáà tò tẹ̀ lé ara wọn níbi ìsìnkú. Aṣọ àti ẹsẹ̀ wọn lẹ máa rí. Orí wọn ti pa rẹ́.

Ìsìnkú tún mú mi rántí omi tó wà láàárín erékùṣù àti ilẹ̀ Fife, tí wọ́n ń pè ní Mortimer's Deep. Wọ́n ní Alan de Mortimer, onílẹ̀ Aberdour, fún àwọn mọ́ńkì nílẹ̀ kí wọ́n lè sin òun sínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Nígbà tí wọ́n ń wa òkú rẹ̀ bọ̀, ìjì dé, ni wọ́n bá gbé pósí náà jù sómi. Ọ̀rọ̀ yìí bí Màámi nínú gan-an. "Wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n ju òkú rẹ̀ nù? Ṣé wọ́n dá ilẹ̀ pa dà?"

Walter Bower ló kọ púpọ̀ nínú ìtàn erékùṣù yìí sílẹ̀. Ábọ́ọ̀tì ibẹ̀ ni láti 1418 títí ó fi kú ní 1449. Orí erékùṣù yìí ló ti kọ Scotichronicon, ìwé ìtàn Skọ́tíláǹdì tó pín sí ọ̀nà 16. Òun ló sọ bí àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe wá kó ẹrù ṣọ́ọ̀ṣì lọ ní 1335, tòun ti ère Columba, tí ìjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n, tí wọ́n fi fẹsẹ̀ ara wọn dá ohun tí wọ́n jí pa dà. Ó parí ìwé náà báyìí: Kristi o, ẹni tí ìwé yìí kò bá dùn mọ́ kì í ṣe ọmọ Skọ́tíláǹdì. Mo fẹ́ràn òǹkọ̀wé tó lè fi irú ẹnu bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ní 1560, Skọ́tíláǹdì kọ Póòpù sílẹ̀, ìgbé ayé mọ́ńkì sì parí. Ìjàpá kò tíì yí ayé ká, èèrà kò tíì mu òkun, àmọ́ àwọn tó gbàdúrà náà ti lọ. Ilé ló dúró.

Àwọn ológun náà lo erékùṣù yìí nígbà ogun àgbáyé méjèèjì. Ìbọn ńlá ni wọ́n tò síbẹ̀ láti ṣọ́ afárá àti ọkọ̀ ogun. A ń lọ wo ihò tí wọ́n gbẹ́ gba inú òkè kọjá ni ìjàǹbá ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹyẹ òkun ń pamọ lásìkò yẹn, wọn ò sì fẹ́ rí èèyàn. Mo ti ní kí Màámi má tú ọ̀rá yẹn. Wọ́n tú u. Àkàrà kò tíì dẹ́nu tí ẹyẹ funfun kan, ó tóbi tó pẹ́pẹ́yẹ, fi já a gbà lọ́wọ́ wọn láti ẹ̀yìn. Òmíràn dà bo orí gèlè. Èmi ń ju kóòtù, Màámi ń pe Jésù, a sáré wọ ilé tí wọ́n ti ń gba àlejò.

Inú ibẹ̀ la ti bá òkúta ibojì kan, ti ọ̀rúndún kẹwàá, èyí tó ti wà kí Ọba Alexander tó dé rárá. Ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ, òjò àti afẹ́fẹ́ ti fọ orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù. Màámi ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi ìka kàn mí.

"Àjàní, ìjàpá rèé. Kò tíì kúrò níbí."

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ pa dà, wọn ò di aṣọ mi mú mọ́. Wọ́n pe àbúrò wọn ní Abẹ́òkúta lórí WhatsApp. Mo ń retí kí wọ́n sọ ti ọba àti màlúù, tàbí ti yàrá tó ń gberin.

"Ìyá Ìbejì," ni wọ́n wí, "ẹyẹ òyìnbó já àkàrà gbà lọ́wọ́ mi!"