Ìràwọ̀ Márùn-ún Lábẹ́ Orúkọ Dókítà

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo wá dókítà lórí ẹ̀rọ ayélujára, ọ̀nà ọ̀fun ló ń dùn mí, ìṣẹ́jú kan kò sì tíì pé tí mo fi yan ẹni tí n ó bá sọ̀rọ̀. Obìnrin kan ni, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú àwòrán rẹ̀, ìràwọ̀ márùn-ún, àmì tí àwọn aláìsàn fi ń sọ bí dókítà ṣe tẹ́ wọn lọ́rùn tó, wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í pẹ́ dáhùn. N kò wo ẹ̀ka ìṣègùn tí ó kọ́. Ká ní bàtà ni mo fẹ́ rà, ǹ bá yẹ̀ ẹ́ wò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

N kò ka èyí sí ìwà òmùgọ̀. Ní ọdún 1963, Kenneth Arrow, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé aláìsàn kò lè dán ìtọ́jú wò kí ó tó gbà á, àti pé ohun tí dókítà mọ̀ nípa àìsàn náà ju ti aláìsàn lọ fíìfíì, nítorí náà ìgbẹ́kẹ̀lé ni a fi ń dí àlàfo náà. Bí a bá jókòó síwájú dókítà, a rí bí ó ṣe ń fetí sílẹ̀ àti bí ó ṣe ń fọwọ́ kan ibi tó ń dùn wá. Lórí ẹ̀rọ, àwòrán, oyè, owó àti ìràwọ̀ ló kù. Owó pàápàá a máa tan àwọn mìíràn, tí wọ́n gbà pé ẹni tí owó rẹ̀ bá ga ni iṣẹ́ yé.

Ìràwọ̀ yìí gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2018 yẹ ìgbàmọ̀ràn orí ẹ̀rọ tí ó lé ní 8,000 wò, láàárín àwọn tí ikọ́, ọ̀fìnkìn àti irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Àwọn tí dókítà kọ oògùn apakòkòrò (antibiotic, tí ń pa kòkòrò bakitéríà) fún ló fún dókítà ní ìràwọ̀ márùn-ún jù, bẹ́ẹ̀ fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń fa irú àìsàn wọ̀nyí, oògùn apakòkòrò kì í sì í ran fáírọ́ọ̀sì. Dókítà tí ó bá sọ òtítọ́ fún ni pé kí a sinmi, kí a sì máa mu omi, ni ìràwọ̀ rẹ̀ yóò dín.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ tí àwọn aláìsàn kọ ni mo máa ń kà, kì í ṣe iye ìràwọ̀. Mo ń wá ẹni tí ó bi aláìsàn ní ìbéèrè púpọ̀, tí ó bèèrè oògùn tí ó ń lò lọ́wọ́, tí ó sì lè sọ pé, “Èyí kọjá ohun tí a lè yanjú lórí ẹ̀rọ, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò.” Àwọn kan a máa fi ìbínú kọ ọ́ pé dókítà kan gbowó wọn, kò sì kọ oògùn kankan. Irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí n tún orúkọ dókítà náà wò dáadáa. Lẹ́yìn náà, mo máa ń wo ìwé orúkọ àwọn dókítà tí ìjọba fọwọ́ sí, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti gbé sórí ayélujára fún ẹnikẹ́ni láti yẹ̀ wò.

Ní ti dókítà ẹlẹ́rìn-ín músẹ́ yẹn, ìbéèrè méjì péré ni ó bi mí kí ó tó kọ oògùn apakòkòrò fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì tẹ ìràwọ̀ márùn-ún.