Kí la fẹ́ kọ síbẹ̀?

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ìsinmi Òmìnira. Mo lọ sí Mísà àárọ̀, mo fọ aṣọ, òjò pa á, mo tún un sá. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni kò kúrò létí mi. Ìpàdé ẹbí alẹ́ àná: a ti sọ ti kánópì, a ti sọ ti màlúù, ó wá ku ìwé ètò ìsìnkú. Ẹ̀gbọ́n gbójú kúrò lára fóònù. "Ìtàn ìgbésí ayé Àǹtí, kí la fẹ́ kọ síbẹ̀ ná?" Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ó wá ohun tí a lè kọ lóòótọ́ ni, kò rí i.

Àfi bí Fadá ṣe rántí wa láàárọ̀ yìí pé òní ni ọjọ́ Tèrésà Mímọ́ ti Lisieux. Lọ́dún 1897, ikọ́ ẹ̀gbẹ ti dá a dùbúlẹ̀ ní kọ́nfẹ́ǹtì àwọn sísítà Carmel níbẹ̀, ní ilẹ̀ Faransé, ọmọ ọdún 24 péré. Etí òun fúnra rẹ̀ ló fi gbọ́ tí sísítà kan ń sọ pé ọmọ yìí máa tó kú, kí ni Ìyá Olórí máa wá rí sọ nípa rẹ̀? Ó níwà, àmọ́ kò ṣe nǹkan kan tó tó í ròyìn. Àṣà wọn ni pé bí ẹnì kan bá kú, wọ́n á kọ ìtàn ayé rẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn kọ́nfẹ́ǹtì yòókù. Ìwé ètò ìsìnkú tiwọn nìyẹn.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín sókè nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Kí ló sì ṣe lóòótọ́? Ó wọlé lọ́mọ ọdún 15, kò jáde mọ́. Sísítà arúgbó kan wà níbẹ̀, Saint-Pierre, tí ara rẹ̀ ò yá. Ní ìrọ̀lẹ́, bó bá ku ìṣẹ́jú 10 kí aago 6 lù, màmá yìí á mi aago oníyanrìn rẹ̀. Tèrésà á dìde, á gbé àga rẹ̀ dání, á di bẹ́líìtì rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn. Bó bá yára, ẹjọ́: o fẹ́ kí n ṣubú. Bó bá rọra, ẹjọ́: mi ò mọ ọwọ́ rẹ lára mi mọ́, o ti fi mí sílẹ̀. Wọ́n bá dé ìdí oúnjẹ, á gé búrẹ́dì fún un, á rẹ́rìn-ín sí i kó tó lọ.

Àǹtí. Garawa omi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń kà mí tipẹ́ mọ garawa yẹn.

Mo fi ìbínú jókòó lọ́sàn-án pé èmi á kọ ọ́. A bí i. Ó ṣe ìrìbọmi. Ó fẹ̀yìn tì. Ìlà mẹ́ta, báírò dúró. Ta wá ni mò ń bínú sí?

Tèrésà náà kúkú ní ẹ̀gbọ́n. Pauline ló wà nípò Ìyá Olórí nígbà tó pàṣẹ fún un pé kó kọ ohun tó rántí nípa ìgbà èwe rẹ̀. Inú ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé ló kọ ọ́ sí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Pauline tún un ṣe, wọ́n tẹ 2,000 ẹ̀dà lọ́dún 1898. Nígbà tó fi di 1925, Póòpù Pius Kọkànlá ti kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́. Ká ní Pauline ò sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n tiẹ̀ ní kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n tèmi ní kí la fẹ́ kọ.

Mo ti ń ṣàṣejù. Ẹ̀gbọ́n ló san owó kánópì.

Mo sì sùn lẹ́yìn kọmúníọ̀n, kí n má purọ́. Tèrésà náà máa ń sùn sídìí àdúrà, ó ní bí ọmọ sùn, bó jí, òbí ṣáà fẹ́ràn rẹ̀. Èmi ti di ìyẹn mú o, ẹ má bá mi jà.

Ẹ̀gbọ́n ti fi ọ̀rọ̀ sórí WhatsApp: atẹ̀wé fẹ́ gbà á lọ́jọ́ Ẹtì. Mo kọ ìlà kẹrin: "Kí ilẹ̀ tó mọ́, á ti gbé garawa omi sẹ́nu ọ̀nà gbogbo wa." Mo fagi lé e. Mo tún un kọ. Wọ́n ti mú iná lọ, iná fóònù ni mo fi ń wò ó, mò ń rò ó bóyá kí n fi ti abọ́ tó máa ń fi dé e kún un…