Níbo gan-an là ń lọ?

Ọdún kẹfà mi rèé ní Netherlands, àmọ́ Sátidé tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi tí ò níbi tó ń lọ. Aládùúgbò wa kan, òyìnbó, ló ní ká jọ háyà sloep, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tó ń lo bátìrì, ní Leidschendam, ká máa wà á lọ sọ́nà Leiden lórí omi tí wọ́n ń pè ní Vliet. Mo ní níbo gan-an là ń lọ, kí la fẹ́ rà níbẹ̀? Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní a fẹ́ varen ni. Varen, ká ṣáà máa wakọ̀ lórí omi.

Èmi ọmọ Ìkòròdú, omi tí mo mọ̀ o, omi kánjúkánjú ni. Láàárọ̀ kùtù la ti máa ń to láìnì ní jẹ́tì Ìpakodò, torí ẹni tó bá ní kóun gba Mile 12 lọ sí Marina, ojú ẹ̀ á rí nǹkan. Wọ́n á ju life jacket tí òógùn ẹni àná ò tíì gbẹ lára ẹ̀ sí ẹ, ẹ́ńjìnì Yamaha á ké, imú ọkọ̀ á gbéra sókè, omi ọ̀sà á máa ta sí ẹ lójú, ìyá kan níwájú á bẹ̀rẹ̀ àdúrà, gbogbo ọkọ̀ á máa ṣe àmín, Mùsùlùmí, onígbàgbọ́. Ìgbà míì ewé orí omi á lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnì, dẹ́rẹ́bà á pa á, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ máa fọwọ́ já a, gbogbo wa á dákẹ́ lọ gbári. Àmọ́ tá a bá rí mọ́tò tó tò bí èèrà lórí Third Mainland, inú wa á dùn díẹ̀, ká má parọ́.

Ní Leidschendam, ìṣẹ́jú 5 ni wọ́n fi kọ́ mi, ó tán. Tí ọkọ̀ ò bá ti gùn tó mítà 15, tí ò sì lè sáré tó kìlómítà 20 láàárín wákàtí kan, láísẹ́ǹsì ò kàn ẹ́. Èmi nìkan ló di life jacket mọ́ra nínú àwa 6. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 8, ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, torí òun ti gba dìpúlómà A tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní lúwẹ̀ẹ́, taṣọ tabàtà ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n fi wẹ̀ níbi ìdánwò yẹn, ṣé ẹni tó já sómi á ráyè bọ́ṣọ ni? Èmi tí mo dàgbà létí ọ̀sà, mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. "Má débi omi" ni wọ́n fi kọ́ tiwa, ẹni tó bá dé ibẹ̀ á jẹgba.

Ọkọ̀ yìí ò sì yára rárá. Bàbá kan tó ń mú ajá rìn létí omi kọjá wa, ajá yẹn dúró tọ̀, wọ́n tún lé wa bá. Aládùúgbò wa ní láyé àtijọ́ ẹṣin ló ń rìn létí omi, tó ń fi okùn fa ọkọ̀ akérò láàárín Delft àti Leiden, wọ́n sì ní tàímù tí wọ́n ń gbéra. Trekschuit ni wọ́n ń pè é. Áà, àwọn náà ti kánjú lórí omi yìí rí nìyẹn, kí rélùwéè tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ti afárá ló wá pa mí jù. Torí ọkọ̀ gíga kan tó wà níwájú wa, wọ́n tan iná pupa, afárá gbéra sókè, mọ́tò dúró, kẹ̀kẹ́ dúró, bẹ́ẹ̀ bàbá arúgbó kan àtìyàwó ẹ̀ tí wọ́n ń mu wáìnì nínú ọkọ̀ gíga yẹn ni wọ́n ń dúró dè. Kò sẹ́ni tó fọn fèrè. Mo ń wò wọ́n títí, bóyá ẹnì kan á tiẹ̀ ṣépè.

Màmi pè lórí WhatsApp níbẹ̀.

"Ta ló ń wa ọkọ̀ yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Níbo lẹ ń lọ?"

Mo wo aládùúgbò wa, mo wo omi. "A ò lọ síbì kankan, mà. A kàn ń gbafẹ́ ni."

"Ẹ ń gbafẹ́. Lórí omi." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Jákẹ́ẹ̀tì ẹ dà?"

Mo gbé fóònù jìnnà kí wọ́n lè rí i lọ́rùn mi.