Ọdún Téèpù Ọ̀gá

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ohun tí a ṣe ní sítúdíò wa lọ́dún yìí, téèpù Ọ̀gá ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo mọ̀ pé a gba ohùn àwọn ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ olórin wá, tí wọ́n padà lọ pẹ̀lú iṣẹ́ tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Owó tí wọ́n san ni ilẹ̀kùn wa fi ṣí di òní, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó láti wo ẹ̀yìn wò, àwọn oṣù wọ̀nyẹn ti pòórá lójú mi, àpótí téèpù orin Ọ̀gá tí ìyàwó rẹ̀ gbé wọlé nìkan ni mo ń rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kò ní béèrè ẹni tí Ọ̀gá jẹ́. Òun ni ó kọ́ mi pé etí ni kí n fi wá ibi tí maikirofóònù yóò dúró sí kí n tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan. Ó fi wá sílẹ̀ lọ́dún yìí. Mo fẹ́ kọ ohun tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò tíì ṣeé ṣe fún mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti téèpù, nítorí ìyẹn ni mo lè sọ dé òpin.

Téèpù àtijọ́ tí wọ́n ń wé mọ́ róòlù ni wọ́n. Lẹ́búlẹ́bú irin tí ó ń gba orin mọ́ra ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ike tẹ́ẹ́rẹ́, irú gọ́ọ̀mù kan sì wà tí ó wọ́pọ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1990, tí ó jẹ́ pé bí ó bá ti fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sára fún ọdún gbọọrọ, ńṣe ni yóò rọ̀, tí yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tí ó bá kàn. Nígbà tí a gbé róòlù àkọ́kọ́ sórí ẹ̀rọ, kò yí tó ìṣẹ́jú kan tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro, mo sì dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Òwú funfun tí mo fi nu orí ẹ̀rọ náà, ìyẹn ibi tí ó ti ń ka orin lára téèpù, ti di pupa rúsúrúsú. Orin ni ohun pupa yẹn, ohun tí ó bá sì ti bọ́ sára òwú kò tún ní padà sínú téèpù mọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní irú téèpù bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ jọ̀wọ́, kí ó má ṣe sọ pé òun kàn fẹ́ gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ wò.

Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí a fi ooru pẹ̀lẹ́ lé ọ̀rinrin náà jáde, nǹkan bíi dígírì 54 ní ìwọ̀n Celsius, fún ọ̀pọ̀ wákàtí, láìjẹ́ kí ooru náà máa lọ sókè sódò. Kì í ṣe gbogbo téèpù ni a ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún: èyí tí ó ti pẹ́ jù, tí wọ́n fi irú ike àtijọ́ kan tí à ń pè ní acetate ṣe, ooru yóò bà á jẹ́ ni, a sì máa ń dá a mọ̀ bí a bá gbé róòlù rẹ̀ síwájú iná tí ìmọ́lẹ̀ sì là á kọjá. Téèpù tí a mú gbẹ kì í gbẹ títí láé, ọ̀rinrin yóò tún padà sí i. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi iṣẹ́ rẹ̀ falẹ̀.

Kí a tó gba orin náà sínú kọ̀ǹpútà, a ní láti yí ìdúró orí ẹ̀rọ títí yóò fi bá ti ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́kọ́ fi gbà á sílẹ̀ mu, nítorí bí ó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ó ti wù kí ó kéré tó, àwọn ìró tín-ín-rín òkè ni yóò kọ́kọ́ kú. Àbúrò, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní sítúdíò, ni ó di súkúrù mú. Gìtá Ọ̀gá ń dún bí ẹni tí aṣọ bò lẹ́nu. Àbúrò yí súkúrù náà díẹ̀, ó tún yí i díẹ̀ sí i, lójijì ni a gbọ́ ìró ìka Ọ̀gá bí ó ti ń yọ̀ lórí okùn. Àwa méjèèjì kò sọ̀rọ̀. A gbà á sílẹ̀ ní 24-bit àti 96 kHz, ìyẹn ìwọ̀n bí kọ̀ǹpútà ṣe ń gba ohùn sílẹ̀ fínnífínní tó, kì í ṣe nítorí pé 16-bit ti CD kò tó ohun tí etí lè gbọ́ nínú téèpù, bí kò ṣe pé 24-bit jẹ́ kí a lè fi àyè sílẹ̀ lókè láìbẹ̀rù, kí ohùn tó bá ṣàdédé ga má baà fọ́, nígbà tí kò dá wa lójú pé téèpù náà yóò tún yí lẹ́ẹ̀kejì.

Iṣẹ́ mastering, ìyẹn àtúnṣe ìkẹyìn tí à ń ṣe sí orin kí ó tó jáde, ni ó fa àríyànjiyàn. Àkọ́bí Ọ̀gá fẹ́ kí orin bàbá rẹ̀ pariwo bíi ti orin òde òní, kò sì sí ohun tí ó burú nínú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé àwọn tí ń gbé orin sáfẹ́fẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bíi Spotify, máa ń wọn bí orin ṣe ń dún tó, tí wọ́n sì ń mú un wá sí nǹkan bíi -14 LUFS, òṣùwọ̀n bí orin ṣe ń dún sókè tó létí. Orin tí a bá ti tẹ̀ mọ́ òrùlé kí ó lè pariwo, wọn yóò kàn rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni, agbára ìlù tí a ti tẹ̀ pa kò sì ní jí padà. Kò gbà mí gbọ́, mo sì ṣe oríṣi méjì, mo mú àwọn méjèèjì wá sí ìwọ̀n kan náà kí etí má baà tan wá jẹ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó tọ́ka sí i pé nínú èyí tí a tẹ̀, gbogbo ìgbà tí ìlù bá ti dún ni ohùn bàbá òun ń sá sẹ́yìn. Èyí tí a kò tẹ̀ ni ó mú lọ.

Mo yọ ìró iná mànàmáná kúrò, mo sì yọ àwọn ìró tí ń ta pàrà, ṣùgbọ́n mo fi ariwo téèpù sílẹ̀, nítorí gbogbo ọ̀nà tí mo gbà láti mú un kúrò ń mú èémí Ọ̀gá lọ pẹ̀lú rẹ̀. Láàárín orin méjì ni ó ti sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, “Ẹ má yára, ẹ jẹ́ kí onílù mí.” Ìyàwó rẹ̀ ní kí a má gé e kúrò, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì rò.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá yìí tí ó gbé ohun tí ó ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ lé wa lọ́wọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Àbúrò, tí ó máa ń ṣe ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ sí hard drive méjì kí ó tó lọ sílé, tí ó sì ń gbé ẹ̀kẹta sí ilé mìíràn. Mo ti pinnu pé òun ni yóò máa ṣe mastering àwọn iṣẹ́ kan láti ọdún tí ń bọ̀, èmi yóò sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ìdílé Ọ̀gá kò tíì fẹnu kò lórí bóyá orin wọ̀nyí yóò jáde fún gbogbo ayé, n kò sì ní tì wọ́n. Róòlù kan wà nínú àpótí náà tí wọn kò kọ ohunkóhun sí lára. Ó lè jẹ́ òfìfo, mi ò sì fẹ́ retí púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni a ó kọ́kọ́ mú gbẹ ní oṣù kìíní.