Ohun tí mo kọ́ nígbà tí ọmọ mi yan yunifásítì aláwọ̀dúdú

Maryland ní Amẹ́ríkà níbí là ń gbé. Lọ́jọ́ tí ọmọ mi Mòfiyìn ní yunifásítì aláwọ̀dúdú lòun fẹ́ lọ, mo fara ya. Ṣé tìtorí ìyẹn ni mo ṣe ń ṣiṣẹ́ òru? Lójú tèmi, ayé tí òyìnbó ò jẹ́ kí dúdú bá wọn jókòó ní kíláàsì ló bí àwọn ilé-ìwé yẹn. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ni wọ́n, wọ́n sì ti wà kí 1964, ọdún tí òfin ka ìyàsọ́tọ̀ yẹn léèwọ̀, tó dé. Ilẹ̀kùn ti wá ṣí báyìí, kí la tún ń wá níbẹ̀?

Ìyàwó mi ò bá mi jà. Ó kàn ní, "Bàbá Tọ́pẹ́, ibo ni Fáfúnwá ti kàwé?" Èmi tí mo ṣe tíṣà nílé, tí mo ń fi orúkọ Babs Fáfúnwá búra tọ́rọ̀ bá kan fífi Yorùbá kọ́ ọmọ, n ò mọ̀. Bethune-Cookman, ilé-ìwé aláwọ̀dúdú kan ní Florida, ló ti gboyè àkọ́kọ́, ní 1950. Dọ́là kan àbọ̀ ni Mary McLeod Bethune, ọmọ ẹni tó ti ṣẹrú rí, fi bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé náà ní 1904, pẹ̀lú ọmọbìnrin márùn-ún. Azikiwe náà ńkọ́? Lincoln, ilé-ìwé aláwọ̀dúdú bákan náà, ní Pennsylvania. Ẹnu mi wọhò.

Àmọ́ ohun tó yí mi lọ́kàn padà gan-an kò sí nínú ìtàn. Lọ́jọ́ tá a lọ wo ilé-ìwé tí Mòfiyìn yàn, ìyá àgbà kan tó ń kọ́ wọn ní kẹ́mísírì mú ìwé orúkọ, ó dúró lórí "Mofiyinfoluwa". Ó ní kí ọmọ náà pè é fóun. Ó tún un pè lẹ́ẹ̀mẹta títí ohùn fi bọ́ sí i. Tọ́pẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jáde ní yunifásítì ńlá kan, rọra sọ sí mi létí: "Dádì, ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi pè mí ní Toby." Kò sọ fún wa rí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ lọ wò ó fúnra yín kẹ́ ẹ tó kọ̀. Tọ́mọ bá fẹ́ ṣe dókítà, ẹ yẹ Xavier ní New Orleans wò: ilé-ìwé aláwọ̀dúdú kékeré, àmọ́ ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń sin ọ̀pọ̀ ọmọ dúdú dé ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Àmọ́ o, owó ò pọ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí wọ́n wọlé kí lẹ́tà owó ìrànwọ́ tiwa tó dé. Ẹ tètè kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ ìjọba. Kẹ́ ẹ sì di fáànù mọ́ ẹrù. Yàrá Mòfiyìn ò ní ẹ̀rọ amúlétutù, Oṣù Kẹjọ ibẹ̀ sì gbóná bí ààrò.