Níbi Tí Kò Sí Ilẹ̀ Tí A Ó Gbẹ́ Ṣáláńgá Sí

Ìdájí ni inú rírun jí mi ní Ganvié. Orí ẹní ni mo dùbúlẹ̀ sí, mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń kan òpó ilé lábẹ́ wa. Mo fọwọ́ tọ́ ọ̀rẹ́ mi, mo ní, "Jọ̀ọ́, ibo ni mo ti lè yàgbẹ́?" Ó dìde, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó mú mi gba orí pákó tóóró kan dé ẹ̀yìn ilé. Wọ́n fi páànù ògbólógbòó àti ẹní yí igun kan po níbẹ̀, àlàfo kan sì wà láàárín pákó tí èèyàn ń tẹ̀. Mo wo ìsàlẹ̀. Omi ni mo rí.

Mo lóṣòó, mo ṣe ohun tó gbé mi débẹ̀, mo sì gbọ́ bó ṣe já sómi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, níbi tí kò jìnnà rárá sí ibi tí mo lóṣòó sí yẹn, àwọn ọmọ kéékèèké ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n ń fẹnu fọ́n omi síra wọn lójú. Mi ò lè sùn mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹ̀gùn ni ọ̀rẹ́ mi. Makoko l'Ékòó ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ìyá bàbá rẹ̀ ń gbé ní Ganvié, lórílẹ̀-èdè Benin, òun la sì lọ kí. A wọkọ̀ ní Mile 2, a gba Badagry já sí Sẹ̀mẹ̀. Nígbà tí a dé Kútọnu, a gun sémì, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀kadà níbẹ̀, lọ sí Kàláfí, létí ọ̀sà Nokoué. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé wa dé ìyókù. Ẹni tó bá ti gba Third Mainland Bridge kọjá, tó sì bojú wo Makoko, ti rí irú ilé tí mò ń wí.

Èèyàn tó lé ní 20,000 ló ń gbé orí omi yẹn. Àwọn Tòfínù ló tẹ̀ ẹ́ dó láyé òwò ẹrú, nígbà tí wọ́n ń sá fún àwọn ọmọ ogun Dàhòmì tó ń kó èèyàn tà. Omi ni wọ́n sá sí, omi ló sì gbà wọ́n. Màmá, ìyá bàbá ọ̀rẹ́ mi, sọ fún mi pé ìtumọ̀ orúkọ ìlú náà ni pé àwọn là. Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi sí ẹni tó bá ń béèrè pé kí ló dé tí wọn ò kúkú kó lọ sórí ilẹ̀.

Màmá ti ta ẹja yíyan ní Makoko fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Nígbà tí ó rí i pé ojú mi pọ́n láàárọ̀, ó béèrè ohun tó ṣe mí. Mo sọ fún un.

"Ọmọ mi," ó ní, "ó dáa tó o lọ lóru. Àwa obìnrin kì í lọ lọ́sàn-án. À ń dúró kí ilẹ̀ ṣú. Ìgbà tí mo lóyún ló le jù, torí pákó yẹn a máa yọ̀."

Mo bi í pé, "Bí inú bá wá ń run yín lọ́sàn-án ńkọ́, mà?"

"À ń fara dà á."

Nílé ìyá ìyá mi ní Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn, ṣáláńgá kan ṣoṣo ni gbogbo agboolé ń lò. Mo kórìíra rẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń bá wa bo àṣírí. Omi kì í bò ó. Ní Ganvié, ohun tó bá já bọ́ kò ní ibi kankan tí yóò farapamọ́ sí. Wọn kì í mu omi ọ̀sà náà o: àwọn obìnrin máa ń wa ọkọ̀ lọ ra omi kànga ẹ̀rọ, wọ́n á fi kẹ́ẹ̀gì pọn ọ́n wálé. Ṣùgbọ́n inú ọ̀sà ni wọ́n ti ń fọ abọ́, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń wẹ̀. Kò sí ọ̀nà tó yá fún àrùn onígbáméjì ju ìyẹn lọ.

Táǹkì ìgbẹ́ tó dé pinpin ni wọ́n nílò, ó sì nira lórí omi ju bí a ṣe rò lọ. Láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá, omi odò Ouémé á ya wọ ọ̀sà, yóò kún sókè. Nígbà ẹ̀rùn, omi òkun á gba ojú ọ̀nà tí àwọn Faransé là ní Kútọnu ní 1885 wọlé, iyọ̀ rẹ̀ á sì máa jẹ irin. Táǹkì náà gbọ́dọ̀ ga ju ìkún omi lọ, òpó rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gbé e, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa wá kó o, kí ibi tí wọn yóò dà á sí sì wà lórí ilẹ̀.

Mo rí èyí tí wọ́n ti ṣe. Kọnkéré ni, ó ní ilẹ̀kùn, ó dára lójú. Wọ́n ti fi àgádágodo tì í. Táǹkì ti kún, ọ̀rẹ́ mi ní kò sẹ́ni tó padà wá kó o láti ọjọ́ tí wọ́n ti ya fọ́tò ìṣíṣọ lójú rẹ̀. Mo dúró níwájú ilẹ̀kùn yẹn pẹ́.

Ní oṣù Keje ọdún 2010 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde pé ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ni omi tó mọ́ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n bí ọmọ-ọmọ Màmá, ọmọbìnrin tó ń wa ọkọ̀ lọ pọnmi fún wa láràárọ̀. Òun náà ń dúró kí ilẹ̀ ṣú.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ máa lọ, Màmá fà mí lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilé, sí apá kejì pákó tóóró yẹn. Òpó mẹ́rin ló dúró nínú omi níbẹ̀, igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rì mọ́lẹ̀, wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n dọ́gba. Owó ẹja ló fi rà wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbá ọ̀kan lábàrá kí n lè rí i pé kò mì.

"Táǹkì ló kù," ó ní.