Ẹni Tó Wà Lábẹ́ Ẹ̀kú

Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀kú, bí mo tilẹ̀ dá ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀, nítorí pé ará ọ̀run ni lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí Beyoncé, akọrin ará Amẹ́ríkà, ẹni tó fún ara rẹ̀ ní orúkọ mìíràn lórí ìtàgé, Sasha Fierce, tó sì fi orúkọ náà sára àwo orin tó gbé jáde ní ọdún 2008. Ní ọdún 2010 ó ní òun kò nílò rẹ̀ mọ́. Ẹ̀kú tó ṣeé bọ́ nìyẹn.

Ti Herschel Walker kò rí bẹ́ẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù ará Amẹ́ríkà yìí (bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré ni tiwọn), tó gba Heisman, ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó dára jù lọ, ní ọdún 1982, ló sọ fáyé ní ọdún 2008 pé òun ní àìsàn tó máa ń pín ènìyàn kan ṣoṣo sí ọ̀pọ̀ ẹ̀dá, ó sì so ó mọ́ ìgbà èwe rẹ̀, nígbà tó sanra, tó ń kólòlò, tí àwọn ọmọ iléèwé sì ń fi í ṣe ẹlẹ́yà. (Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí àìsàn náà.) Lójú tèmi, ẹ̀dá tó kọ́ láti má ṣe ka ìrora sí ni àwọn òǹwòran ń pàtẹ́wọ́ fún lórí pápá, láìbéèrè ibi tó ti kọ́ ọ.